Bí tíìmù NFL ṣe ń tún àdéhùn agbábọ́ọ̀lù tò kí salary cap má baà fún wọn lọ́rùn

Tó bá ti di oṣù Kẹta báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá yẹn, ẹ ó máa rí ìròyìn kan náà lemọ́lemọ́: tíìmù báyìí ti "restructure" àdéhùn lágbájá, wọ́n ti rí mílíọ̀nù báyìí dọ́là gbà sílẹ̀ lórí cap. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn wa á ti máa kọ ọ́ pé ẹ ò rí ọmọ dáadáa, ó ní kí wọ́n gé owó òun kù torí tíìmù. Irọ́ ni o. Wọn ò gé kọ́bọ̀ kan nínú owó ẹ̀, kódà owó yẹn wọ àpò ẹ̀ ṣáájú ìgbà tó yẹ kó wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n jókòó ṣàlàyé ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, irú agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń ṣe é fún, àti ibi tí gbèsè ẹ̀ ń lọ jókòó sí, kẹ́ ẹ lè mú bírò kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín nígbà tí ìròyìn bá tún jáde.

Cap yẹn gan-an ńkọ́? NFL ní tíìmù 32, iye kan náà ni lìígì sì là sílẹ̀ fún gbogbo wọn pé ẹ ò gbọdọ̀ ná jù báyìí lọ lórí agbábọ́ọ̀lù lọ́dún. Ọdún 1994 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mílíọ̀nù 34.6 dọ́là ni nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di 2020 ó ti di 198.2, kòrónà dé, pápá ìṣeré ṣófo, ó já wálẹ̀ sí 182.5 ní 2021, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ń gòkè bí ẹni ń gun àkàbà, 208.2, 224.8, 255.4, ní 2025 ó ti di 279.2. Inú owó tó ń wọlé fún lìígì, ti tẹlifíṣọ̀n pàápàá, ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀, àdéhùn tí NFLPA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, bá lìígì ṣe ní 2020 ló sì sọ pé ìpín tàwọn ò gbọdọ̀ dín sí ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Olówó tíìmù lè lówó bí iyanrìn etí òkun, cap yẹn náà ni, kò lè torí pé òun lówó kó wá da owó lé e.

Ibi tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé owó tó jáde lápò tíìmù lọ́tọ̀, owó tí wọ́n kọ sínú ìwé cap lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ n fi ilé tí mo gbé ní Ìbàdàn ṣàpẹẹrẹ. Mo gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Àpẹ́tẹ̀, onílé ní àfi kí n san ti ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ₦600,000, mo sì kà á lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Owó ti lọ, ó ti tán. Àmọ́ nínú ìwé tí mo fi ń ṣọ́ ìnáwó mi, mi ò kọ ọ́ pé oṣù kìíní ni mo ná ₦600,000, mo pín in sí oṣù 24, ₦25,000 ló bọ́ sí oṣù kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe ń kọ ọ́ lóṣooṣù. Oṣù keje pé, ibi iṣẹ́ gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta. Onílé ò dá nǹkan kan padà. Oṣù 17 tó kù, ìyẹn ₦425,000, gbogbo ẹ̀ ni mo kó sínú ìwé oṣù yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, mo fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Ìyá mi wá kí mi l'Abẹ́òkúta, wọ́n bá ìwé náà lórí tábìlì, wọ́n ní, "Àkànní, ṣé o ṣì ń sanwó ilé Ìbàdàn yẹn ni?" Mo ní rárá mà, mo ti san án tán tipẹ́. Wọ́n ní, "Kí ló wá ń wá nínú ìwé ẹ?"

Ìbéèrè màmá mi yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ salary cap. ₦600,000 tí mo kà lé onílé lọ́wọ́, ohun tí wọ́n ń pè ní bọ́nọ́ọ̀sì ìbuwọ́lùwé nìyẹn, agbábọ́ọ̀lù á gba gbogbo ẹ̀ kíá, àmọ́ lórí ìwé cap, wọ́n á pín in sí iye ọdún tó wà nínú àdéhùn ẹ̀. ₦425,000 tó já lé mi lórí lójijì nígbà tí mo kó kúrò, òun ni wọ́n ń pè ní dead money, owó tó ti kú, ẹ ti san án, ẹni tẹ́ ẹ san án fún ò sí lọ́dọ̀ yín mọ́, ó sì ṣì ń gba àyè nínú ìwé yín.

Ẹ̀yin ọmọ Chelsea ti mọ ẹ̀gbọ́n ọgbọ́n yìí tẹ́lẹ̀. Oṣù Kìíní 2023 tí wọ́n ra Enzo Fernández ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 106.8 pọ́n-ùn, ọdún mẹ́jọ àtààbọ̀ ni wọ́n fún un, kí owó tí wọ́n fi rà á lè fọ́n káàkiri inú ìwé, bíi mílíọ̀nù 12.5 péré lọ́dún, bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ ọdún 5 ni, á lé ní 21. UEFA rí i, wọ́n ní láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ọdún 5 ni ó pọ̀ jù tí àwọn á kà. Premier League náà dìbò sí i ní oṣù Kejìlá. Ti Chelsea jẹ́ owó tí wọ́n fi ra èèyàn o, kì í ṣe owó oṣù, àmọ́ ìdí kan náà ló wà níbẹ̀, NFL náà sì ti fi ọdún 5 ṣe ààlà pípín bọ́nọ́ọ̀sì tiwọn.

Ó dáa. Ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga ọ̀gá tó ń ṣètò tíìmù, oṣù Kẹta ti wọlé, ẹ sì ti fi mílíọ̀nù 30 kọjá cap. Ẹ kó gbogbo àdéhùn jáde. Nínú àdéhùn kọ̀ọ̀kan, oríṣiríṣi owó ló wà, owó iṣẹ́ ọdún gan-an tó ń wọlé fún un díẹ̀díẹ̀ bí ìdíje bá ń lọ, bọ́nọ́ọ̀sì ìbuwọ́lùwé tó ti gbà, bọ́nọ́ọ̀sì tó máa gbà bó bá ṣì wà nínú tíìmù lọ́jọ́ báyìí, owó tó máa gbà bó bá wá ṣe ìdánrawò, àti èyí tó máa gbà bó bá ṣe àwọn nǹkan kan lórí pápá. Owó iṣẹ́ ọdún gan-an lẹ̀ ń wá, torí òun ló ń jẹ cap lódindi lọ́dún tẹ́ ẹ bá san án. Ẹni tí owó iṣẹ́ ẹ̀ bá kéré, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rí níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ẹni tówó ẹ̀ pọ̀, ẹ wo iye ọdún tó ti lò ní lìígì, torí òun ló máa sọ iye tó kéré jù tí òfin ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún un bí owó iṣẹ́. Ní 2025, ọmọ tuntun tí kò tíì lo ọdún kan, $840,000 ni, ẹni tó ti lo ọdún 7 sókè, mílíọ̀nù 1.255. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú owó iṣẹ́ ẹ̀, gbogbo èyí tó kù lẹ lè sọ di bọ́nọ́ọ̀sì. Ẹ wá pín bọ́nọ́ọ̀sì yẹn sí iye ọdún tó kù nínú àdéhùn, ọdún yìí náà wà nínú ẹ̀ o, kò sì gbọdọ̀ ju 5 lọ. Ìdá kan á jẹ ọdún yìí, àwọn yòókù á lọ jókòó sí iwájú. Bó bá jẹ́ ọdún 5, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lẹ rí gbà sílẹ̀, bó bá jẹ́ ọdún 2 péré, ìdajì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ti gidi ṣe é. Oṣù Kẹta 2022, Cleveland Browns fún Deshaun Watson ní àdéhùn ọdún 5, mílíọ̀nù 230 dọ́là, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà fún un, kò sírú ẹ̀ rí ní lìígì yẹn. Bọ́nọ́ọ̀sì ìbuwọ́lùwé tó kọ́kọ́ gbà, 8.993 ló bọ́ sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ní 2023, owó iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 46. 46 pẹ̀lú 8.993, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 55, nígbà tí cap odindi tíìmù jẹ́ 224.8. Ẹnì kan ṣoṣo, nínú ilé tí èèyàn lé ní 50! Wọ́n wá fi mílíọ̀nù 1.08 péré sílẹ̀ bí owó iṣẹ́, iye tó kéré jù fún ẹni tó ti lo ọdún tó lò, wọ́n sì sọ 44.92 yòókù di bọ́nọ́ọ̀sì. Ẹ pín 44.92 sí 5, 8.984. Ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, 1.08, 8.993, 8.984, ó di 19.057. Láti 55 sí 19, wọ́n rí bíi mílíọ̀nù 36 gbà sílẹ̀ ní ọ̀sán kan. Watson ńkọ́? Mílíọ̀nù 46 yẹn kan náà ló gbà ní 2023, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó rẹpẹtẹ ló wá, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. 2024 dé, owó iṣẹ́ ẹ̀ tún jẹ́ 46, wọ́n tún ṣe é, 1.21 ni wọ́n fi sílẹ̀, 44.79 di bọ́nọ́ọ̀sì, 8.958 ló bọ́ sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí ìwé 2025 wò, 46 ń bẹ níbẹ̀, 8.993 ń bẹ níbẹ̀, 8.984 ń bẹ níbẹ̀, 8.958 náà ti dé. Mílíọ̀nù 72.9! Iye kan náà ló dúró dè wọ́n ní 2026. Wọ́n tún tún un tò ní 2025, kí ni wọn ì bá tún ṣe? Bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ò lè gbá bọ́ọ̀lù, eré mẹ́fà ló gbá ní 2023 kí èjìká tó dá a dúró, oṣù Kẹwàá 2024 iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ẹ̀ já, ó tún já lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Kìíní 2025, kò sì gbá eré kankan lọ́dún yẹn. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an torí ara èèyàn ni ara, àmọ́ tíìmù ni mò ń sọ báyìí, àwọn ni wọ́n lọ ra ọjà àwìn lórí ọjà àwìn.

Ibì kan wà nínú ìṣirò yẹn tó yẹ kó ta yín lójú. Àdéhùn Watson parí ní 2026. Láti 2023 sí 2026, ọdún 4 ni. Báwo ni wọ́n ṣe wá pín 44.92 sí 5? Ọdún orí ìwé lásán ni wọ́n fi kún un, void year lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á kọ 2027 sínú àdéhùn, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé lọ́jọ́ báyìí kí 2027 tó bẹ̀rẹ̀, ọdún yẹn á parẹ́ fúnra ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò retí pé agbábọ́ọ̀lù á gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yẹn, àga tí wọ́n kàn gbé sílẹ̀ kí gbèsè lè rí ibi jókòó ni. Àwọn Saints New Orleans lo èyí débi pé ní oṣù Kẹta 2021, ìròyìn jáde pé Taysom Hill ti buwọ́ lùwé ọdún 4 mílíọ̀nù 140, gbogbo ayé ń pariwo, bẹ́ẹ̀ ọdún orí ìwé lásán ni wọ́n, wọ́n á parẹ́, kò sí ẹni tó fẹ́ san mílíọ̀nù 140 fún un.

Bí ọdún orí ìwé yẹn bá wá parẹ́ ńkọ́? Gbogbo ohun tó jókòó síbẹ̀ á já lé tíìmù lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Tampa Bay kó Tom Brady wá, wọ́n sì gba Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá lìígì, ní oṣù Kejì 2021, inú wọn dùn, àmọ́ wọ́n ń fi ọdún orí ìwé lásán na owó ẹ̀ lọ síwájú. Brady fẹ̀yìntì ní 2023, mílíọ̀nù 35.1 ló sì wà lórí cap wọn lọ́dún yẹn ní orúkọ ẹni tó ti wà nílé ẹ̀. Ṣé ó tọ́ sí i? Lójú tèmi, ó tọ́. Ife ẹ̀yẹ wà nínú àpótí wọn. Tí ẹnì kan bá fẹ́ yáwó ṣe nǹkan, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kó fi ṣe.

Ìdí nìyẹn tí yíyan èèyàn fi ṣe pàtàkì ju ìṣirò lọ. Ìṣirò ò le, ọmọ tó wà ní JSS á ṣe é. Ẹni tẹ́ ẹ máa tún àdéhùn ẹ̀ tò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó dá yín lójú pé ẹ ṣì ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta, torí gbogbo dọ́là tẹ́ ẹ bá tì síwájú lórí orúkọ ẹ̀, ìdè ni láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Oṣù Kẹta 2021, Kansas City mú mílíọ̀nù 21.7 nínú owó Patrick Mahomes, wọ́n sọ ọ́ di bọ́nọ́ọ̀sì, wọ́n rí bíi 17 gbà sílẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni nígbà yẹn, àdéhùn ọdún 10 mílíọ̀nù 450 ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ láti 2020, ta ló fẹ́ lé e? Ẹni báyìí ni wọ́n ń ṣe é fún. Àmọ́ ẹni ọdún 33 tí orúnkún ti ń dùn, tí ẹ kàn ń wá mílíọ̀nù mẹ́rin lọ́wọ́ ẹ̀ torí pé ilẹ̀ ti ṣú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ já a sílẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbà kẹ́ ẹ dín owó ẹ̀ kù.

Dídín owó kù nìyẹn o, ìyẹn yàtọ̀ pátápátá, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ restructure mọ́. Oṣù Kejì 2021, Drew Brees gbà fún Saints kí owó iṣẹ́ ẹ̀ ti ọdún yẹn já láti mílíọ̀nù 25 wá sí 1.075, ó mọ̀ pé òun fẹ́ fẹ̀yìntì, oṣù tó tẹ̀ lé e ló sì kéde ẹ̀. Ìyẹn lẹ lè pè ní ọmọ dáadáa, torí bó bá yí ọkàn padà tó ní òun á gbá bọ́ọ̀lù, owó yẹn ti lọ nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà kún, ìyẹn kí wọ́n fa àdéhùn gùn. Ẹni tí àdéhùn ẹ̀ ku ọdún kan, kò sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ti owó ẹ̀ sí, tẹ́ ẹ bá fún un ní ọdún mẹ́ta mẹ́rin sí i, ọdún ti wà tẹ́ ẹ lè pín bọ́nọ́ọ̀sì sí, òun náà sì rí ìfọ̀kànbalẹ̀. Philadelphia ló mọ èyí ṣe jù lójú tèmi. Oṣù Kẹrin 2023, wọ́n fún Jalen Hurts ní ọdún 5 sí i, mílíọ̀nù 255, wọ́n sì tò ó débi pé 6.15 péré ló jẹ lórí cap lọ́dún yẹn, 13.56 ní 2024. Ọdún tí quarterback wọn, ìyẹn Hurts, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, ń jẹ 13.56 yẹn ni wọ́n rówó fún àwọn yòókù, wọ́n sì na Kansas City 40 sí 22 ní Super Bowl oṣù Kejì 2025. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Philadelphia àti Saints ò sí nínú irinṣẹ́, irinṣẹ́ kan náà ni. Philadelphia tò ó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lùwé, wọ́n ti mọ ọdún tí gbèsè á dé. Saints máa ń dé oṣù Kẹta kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí. Ní 2021 tí cap já wálẹ̀, bíi mílíọ̀nù 100 ni wọ́n fi kọjá, wọ́n tún àdéhùn tò, wọ́n tún tún un tò, wọ́n wọlé sábẹ́ cap, àmọ́ láti 2021 títí dé 2024 wọn ò dé playoffs, ìpele tó ṣáájú Super Bowl, lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn tó ń gbèjà ọgbọ́n yìí ní ẹjọ́ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o, mi ò ní fi pamọ́ fún yín. Cap ń gòkè. Mílíọ̀nù 9 nínú 182.5 ti 2021, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Mílíọ̀nù 9 yẹn kan náà nínú 279.2 ti 2025, ó lé díẹ̀ ní ìdá 3. Gbèsè ò dàgbà torí kò sí èlé lórí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé tí wọ́n fẹ́ gbé e sí ń tóbi sí i. Ẹni tó bá rí sọ́gùndogójì tí kì í gba èlé, ṣé kò ní yá a? Ibi tí mo kàn ti ń yà kúrò lára wọn ni pé gbogbo tíìmù 32 ni cap gòkè fún, ẹni tí kò sí gbèsè lọ́rùn ẹ̀ á ra agbábọ́ọ̀lù tuntun pẹ̀lú àlékún yẹn, ẹ̀yin á fi san ti àná.

Àsìkò tẹ́ ẹ máa ṣe é ńkọ́. Àárín oṣù Kẹta ni ọdún tuntun lìígì máa ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní aago New York, gbogbo tíìmù sì gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ cap nígbà tí aago yẹn bá lù, ìyẹn ló fà á tí ìròyìn restructure fi máa ń ya bí òjò lọ́sẹ̀ yẹn. Láti ìgbà yẹn títí ìdíje fi máa bẹ̀rẹ̀, àdéhùn 51 tó wọ́n jù ni wọ́n ń kà ní tíìmù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú dead money àti ìpín bọ́nọ́ọ̀sì tàwọn yòókù, torí náà ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí 90 èèyàn ní ibùdó ìdánrawò. Tí ìdíje bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń kà. Èyí tẹ́ ẹ ò bá ná tán lọ́dún yìí, ẹ lè gbé e wọ ọdún tó ń bọ̀.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ já ẹni tẹ́ ẹ ti tún àdéhùn ẹ̀ tò sílẹ̀, ibẹ̀ ni oró ẹ̀ wà. Gbogbo ìpín bọ́nọ́ọ̀sì tó ń dúró de ọdún iwájú á sáré padà wá sí ọdún yìí, bí oṣù 17 tèmi yẹn gẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá tà á fún tíìmù mìíràn náà, ọ̀dọ̀ yín ni bọ́nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti san máa dúró sí, owó iṣẹ́ ẹ̀ nìkan ló bá a lọ. Atlanta ta Matt Ryan fún Indianapolis ní oṣù Kẹta 2022, mílíọ̀nù 40.5 ló kú sí wọn lọ́wọ́. Kí ó lè fúyẹ́ díẹ̀, òfin fàyè gba tíìmù kọ̀ọ̀kan láti já èèyàn méjì sílẹ̀ lọ́dún bíi ẹni pé lẹ́yìn ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni wọ́n lọ, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìpín ọdún yìí nìkan ló máa jẹ ọdún yìí, ìyókù á di ti ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ ẹ ò ní rí àyè tó gbà sílẹ̀ yẹn lò títí oṣù Kẹfà fi máa wọlé, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹta ni ọjà ń tà jù. Denver ṣe é fún Russell Wilson ní 2024, mílíọ̀nù 85 ló já lé wọn lórí, bọ́nọ́ọ̀sì àti owó tí wọ́n ti fọwọ́ sọ̀yà pọ̀ mọ́ra wọn, 53 ní 2024, 32 ní 2025. Mílíọ̀nù 85 dọ́là fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì!

Ẹ má sì rò pé ẹ lè fi ọgbọ́n bo lìígì lójú. Ọdún 2010 ò ní cap rárá torí àdéhùn àtijọ́ ti ń parí lọ, Washington àti Dallas wá kó owó ńlá sínú ọdún yẹn kí ọdún iwájú lè fúyẹ́ fún wọn. Lìígì dákẹ́. Oṣù Kẹta 2012, wọ́n gba mílíọ̀nù 36 kúrò nínú cap Washington, wọ́n gba 10 kúrò nínú ti Dallas.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ńkọ́, ṣé ó dára fún wọn? Ó dára, mo sì fẹ́ kí gbogbo òbí tí ọmọ ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní Houston tàbí Maryland mọ ìdí ẹ̀. Eré tó ń fọ́ egungun ni, owó tó ti wọ báńkì, kò sí ẹni tó máa torí ẹsẹ̀ tó kán gbà á padà, bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ tí wọn ò fọwọ́ sọ̀yà, tí wọ́n bá lé e lónìí, ó tán. Ohun tó yẹ kí éjẹ́ǹtì ẹ̀ ṣọ́ ni gbólóhùn kan tó máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn báyìí, pé tíìmù lè sọ owó iṣẹ́ di bọ́nọ́ọ̀sì nígbàkígbà láìtún bi í. Kì í ṣe ohun búburú, àmọ́ tó bá ti fún wọn láìgba nǹkan kan, ó ti jọ̀wọ́ ọjọ́ tí tíìmù ì bá wá bá a tí òun náà á fi ní ó dáa, ẹ fi ọdún kan kún un, ẹ fọwọ́ sọ̀yà fún mi lórí ti ọdún tó ń bọ̀. Agbára agbábọ́ọ̀lù ò sí ju ìgbà tí wọ́n bá nílò ìbuwọ́lùwé ẹ̀ lọ. Adewale Ogunleye, ọmọ wa, gbé quarterback ọ̀tá ṣánlẹ̀ ní ìgbà 15 fún Miami ní 2003, ó ní òun ò ní padà wá gbá bọ́ọ̀lù àfi tí wọ́n bá fún òun ní àdéhùn tó tọ́, wọn ò fún un, oṣù Kẹjọ 2004 ni wọ́n tà á fún Chicago, Chicago fún un ní àdéhùn tuntun, òun náà sì wà nínú àwọn tó bá wọn dé Super Bowl oṣù Kejì 2007.

Èyí tí mò ń retí báyìí ni Olu Fashanu. Tíìmù Jets ló mú un ní ipò 11 nígbà tí àwọn tíìmù ń yan àwọn ọmọ tuntun ní 2024, àdéhùn àwọn ọmọ tuntun sì ni tiẹ̀, ọdún 4, iye tó bá ipò tí wọ́n ti mú un mu, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún tò nínú ẹ̀ tó máa mú owó gidi jáde. Lẹ́yìn ìdíje 2026 ni wọ́n tó lè bá a sọ àdéhùn tuntun, oṣù Karùn-ún 2027 sì ni Jets gbọ́dọ̀ ti sọ bóyá wọ́n fẹ́ fi ọdún karùn-ún kún àdéhùn ẹ̀. Lọ́jọ́ tí nọ́ńbà ẹ̀ bá jáde, àwọn oníròyìn á gbé àpapọ̀ owó sókè gàgàrà. Ẹ fò ó, ẹ wo iye tí wọ́n fọwọ́ sọ̀yà, ẹ wo bọ́nọ́ọ̀sì, kẹ́ ẹ wá ka ọdún mélòó ló jẹ́ ti orí ìwé lásán nínú ẹ̀.